Ẹwìrì Lábẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ìyá Mosádiolúwa kò bá mi dúnàá dúrà.
Ó ní, "Ọ̀gá Láníhùn, ṣí i kí o wò ó."
Mo ṣí i. Eku ti tẹ́ ìtẹ́ sórí kábúrétọ̀.
Dátísìn eléèjókòó méjì, aláwọ̀ ọsàn,
ọkọ̀ ọdún tí náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé,
tí awakọ̀ Ìbàdàn ò tíì gbàgbé ọwọ́ òsì tán.
Ọkọ rẹ̀ ló rà á.
Ọkọ ti lọ. Ó ku ọkọ̀.

Ó ní, "Mo fẹ́ kó gun Mápó bó ti ń gùn ún rí,
kó yé gùn ún bí aláboyún oṣù kẹsàn-án."
Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.
Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi gbẹ̀bí ní Adéọ̀yọ́,
ó mọ bí aláboyún ti í gun òkè.

Mo ní, "Màmá, èémí ló ń fẹ́."
Bàbá bàbá mi rọ ọkọ́ nísàlẹ̀ Òkè Àrẹ̀mọ.
Ọmọ ọdún méje ni mí tí mo ti ń fi ẹwìrì fín iná,
fùú, fùú,
awọ ewúrẹ́ méjì tí ń mí lọ́kọ̀ọ̀kan.
Bí mo bá tòògbé, irin a dúdú.
Ìgbájú ló ń jí èmi àti irin pọ̀.

Ní Agodi Géètì, níbi tí òkú ọkọ̀ ti pọ̀ ju alààyè lọ,
Sàbítù yọ súpàshájà kan
nínú Bẹ́ńsì tó fi imú gbá tírélà.
Kò tóbi ju orí àgbò lọ.
Nínú rẹ̀, irin méjì ń yí síra wọn láìfarakanra,
bí orogún méjì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró.
Ó ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba. Mo ní kó rántí Ọlọ́run.
Ó rántí Rẹ̀ dé ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádóje.

Ẹ má rò pé ká kàn gbé e ka orí ẹ́ńjìnnì ni.
Mo jó irin ìjókòó fún un, ó wọ́, mo tún un jó.
Bẹ́líìtì kìíní fò yọ, ó ké bí ológbò tí a tẹ̀ nírù.
Pọ́ọ̀lì ńlá ni mo fi sí i lọ́rùn,
kó má baà sáré ju ọjọ́ orí ẹni tó ń bá gbé.
Atẹ́gùn pọ̀, epo kéré, iná a jẹ orí písítìnnì:
mo wá epo kún un.
Mo pààrọ̀ rédíétọ̀. Mo pààrọ̀ ìjánu.
Ẹni tó kọ́ ẹṣin arúgbó ní eré tí kò kọ́ ọ ní ìdúró,
ògiri ni yóò bá wọn parí ẹ̀kọ́.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣáná sí i,
kọ̀, kọ̀, kọ̀ nínú ikùn.
Mo sáré pa á. Òógùn bò mí.
Màmá bẹ̀rẹ̀, ó gbé etí sún mọ́ irin.
Ó ní, "Àsìkò rẹ̀ ò tíì tó. Má fà á."
Òótọ́ ni. Àsìkò iná ló yá jù.
Mo dá a sẹ́yìn díẹ̀, kíkàn náà dákẹ́.

Aago mẹ́fà àárọ̀, kí Bẹẹrẹ tó jí,
ó wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Èmi di ilẹ̀kùn mú.
Igbe tẹ́ẹ́rẹ́ kan gòkè láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, fíììì,
páànù tó ti dípẹtà ń sá lọ sẹ́yìn wa,
gíà kẹta, ní Mápó!
Lókè, ó dúró. Ó pa á.
Ẹnu rẹ̀ ń mì wúyẹ́wúyẹ́. Mo rò pé àdúrà ni,
àṣé ó ń ka bí irin ti ń tutù, tí, tí, tí.
Ó ní, "Ogójì. Bí ọmọ tuntun ti í mí nìyẹn."
Ó wá bi mí ní iye tó kù tí òun jẹ.
Mo ní kí owó ìfẹ̀yìntì dé ná.

Epo ń rùn díẹ̀.
Mo mọ ibi tó ti ń jò.
Ó di ọ̀la kí n tó sọ.