Kásẹ́ẹ̀tì Túbọ̀sún

Ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ mọ́.
A ti fẹ́ ẹ tó nígbà tí ṣọ́ọ̀bù Bùọ́dà Fálóyè wà n'Ísọ̀kun,
náírà márùn-ún, ìṣẹ́jú mẹ́wàá,
iná á lọ, a ó máa bú Nẹ́pà, a ò ní í lọlé.
Itọ́ wa ló dípẹtà sí i lára.

Òwú rèé. Sípíríìtì rèé.
Mò ń nu eyín idẹ náà lọ́kọ̀ọ̀kan
bí ẹni ń nu ojú ọmọ tó sunkún sùn.
Dúdú jáde. Dúdú tún jáde.
Ọyẹ́ Iléṣà ọdún mélòó nìyí?

Mo tú u. Bátìrì kan wà nínú, kò ju kọ́bọ̀ lọ,
òun ló di orúkọ àbúrò mi mú:
TUBO.
Lẹ́tà mẹ́rin péré ni gèèmù gbà, kò gba àmì,
ṣùgbọ́n mo mọ bí a ti ń pè é.
Ó ku ìpele kan kó parí.

Bí mo bá pààrọ̀ bátìrì, orúkọ á pa rẹ́.
Bí n kò bá pààrọ̀ rẹ̀, yóò kú fúnra rẹ̀.

Mo dé e padà.
Mo da ìrẹsì díẹ̀ sínú ọ̀rá nítorí ọ̀rinrin,
mo gbé e síbi tí oòrùn kì í dé.
Ẹ̀yin ọmọ, mo ní ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ.