Ìpíndọ́gba

Orí pápá iyọ̀ ni Tíṣà Nẹmẹ́síà kó wa lọ,
ní Bòlífíà, níbi tí kò sí igi kan ṣoṣo
tí ojú lè fara tì.
Ó yí táyà ọkọ̀ akẹ́rù kan kalẹ̀, ó ní, "Oòrùn rèé.
Ìṣísẹ̀ kan, mílíọ̀nù kìlómítà kan.
Ẹ kà á. Ẹni bá sáré yóò padà sẹ́yìn."

Méjìdínlọ́gọ́ta: hóró kínúà, Mẹ́kúrì.
Méjìdínláàádọ́fà: Àgùàlà.
Ní àádọ́jọ, ó fi hóró àgbàdo yíyan lé mi lọ́wọ́:
"Dẹ́ímà, dúró síbí. Ayé lo dì mú yẹn."
Mo dúró. Mo bojú wẹ̀yìn wo táyà,
mo gbójú sókè wo oòrùn gan-an,
èyí tó ń jó wa létí:
ọgbọọgba ni wọ́n.
Ìka ọmọńdinrín mi bo méjèèjì.

Àwọn yòókù ń lọ.
Máàsì dúró ní igba ó lé méjìdínlọ́gbọ̀n.
Ẹdíbẹ́ẹ̀tì gbé Júpítà, ànàmọ́ ńlá kan láti oko ìyá rẹ̀,
ẹgbẹ̀rin ìṣísẹ̀ ó dín méjìlélógún,
ló bá jókòó lé iyọ̀, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun.
Sátọ̀nì, ẹgbèje ó lé ọgbọ̀n.
Yúrénọ́ọ̀sì, ẹgbẹ̀rìnlá ó lé àádọ́rin.

Ó ku Nẹ́pítúùnù, ó ku Basílíà.
Kí a tó kúrò nídìí táyà ló ti béèrè
bóyá ojú kan ni wọ́n máa ń wà.
Tíṣà ní rárá, wọ́n ń súnmọ́, wọ́n ń jìnnà;
à ń ro ìtòsí pọ̀ mọ́ ọ̀nà jíjìn, ká tó pín in dọ́gba.
"Bàbá mi tó ń wa kùsà ní Ṣílè ńkọ́?
Oṣù kẹjọ nìkan ló ń wálé."
Tíṣà bẹ̀rẹ̀, ó tún okùn bàtà rẹ̀ so.
Kò sì tú tẹ́lẹ̀.

Ẹgbàajì ìṣísẹ̀ ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.
Basílíà rìn títí ó fi tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́,
títí funfun fi gbé e mì.
Tíṣà fun fèrè. A dúró. Ó tún fun ún.

Nígbà tó padà dé, ètè rẹ̀ ti bó.
Ó ní òun kò rí táyà mọ́ rárá,
fèrè nìkan ló dé ọ̀dọ̀ òun, ó sì pẹ́ kó tó dé,
àmọ́ òun mọ apá ibi tó ti ń bọ̀.

Tíṣà ń gba ẹrù padà lọ́wọ́ oníkálukú.
Nígbà tó kàn mí, mo la àtẹ́lẹwọ́: òfìfo.
Ebi ló pa mí.
Mo ti jẹ Ayé.