Ọ̀kẹ́ Mọ́kànlélógún

Ọ̀kẹ́ mọ́kànlélógún náírà ni wọ́n kọ sórí páálí,
ṣọ́ọ̀kì funfun ni wọ́n fi kọ ọ́,
bí ẹni pé bí òjò bá kàn án, owó náà lè dín.
Ààrò dúdú, ó rí rìbìtì bí ìkòkò omi ìyá àgbà,
ó ní ìdérí, ó ní aago tó ń ka ooru,
ó ní táyà méjì lẹ́sẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn ní Alágbàká,
ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo sọ fún ọlọ́kadà pé kó rọra.

Tèmi ńkọ́?
Àgbá epo tí wọ́n là sí méjì ni tèmi.
Orímisàn tó ń jó irin ní Ìsínkàn ló bá mi ṣe é,
lọ́dún tí Mọrẹ́nikẹ́ bí àbígbẹ̀yìn wa.
Ìpẹtà ti jẹ ìdí rẹ̀, eérú ń jò sí mi lórí bàtà.
Bí mo bá ń yan ẹja ní Ìjàpọ̀ lálẹ́,
ìrù á ti jóná, orí á ṣì tutù.

Mo jókòó ti ìṣirò.
Àpò èédú kan láti Ìdànrè, ẹgbàárin;
ọjọ́ mẹ́rin ni àgbá mi fi ń jẹ ẹ́ tán.
Tóbilọ́lá tó ń bá wọn tajà ní tiwọn á jẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́jọ.
Ẹgbẹ̀rún kan ni n ó máa rí he lójúmọ́.
Irínwó ọjọ́ ó lé ogún, ààrò ti san owó ara rẹ̀.
Mọrẹ́nikẹ́ ní ṣé mo yọ ọjọ́ Àìkú kúrò?
Mi ò yọ ọ́.
Ọjọ́ òjò ńkọ́? Ọjọ́ tí a lọ sìnkú ní Ìta-Ògbólú?
Mo pa ìwé dé.

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á:
Tóbilọ́lá kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, òwe ló fi ń tajà.
Ó ní kí n gbé ẹja wá ní Sátidé, ká dán an wò.
Àrọ̀ méjì ni mo gbé lọ, wọ́n ti sùn nínú ata mọ́jú.
Ó ṣáná, ó dé e, ó ní kí a jókòó.
Jókòó kẹ̀? Èmi tí abẹ̀bẹ̀ ti sọ ọwọ́ ọ̀tún mi di igi?
Mi ò mọ ohun tí mo lè fi ọwọ́ náà ṣe.
A ò gbọ́ ohùn ọ̀rá. A ò rí èéfín tó tó ti sìgá.
Nígbà tó ṣí i,
mi ò ní parọ́ torí pé mi ò lówó:
ó pọ́n bákan náà láti orí dé ìrù,
ẹran rẹ̀ ń fi egungun sílẹ̀ bí ẹni tó ti gba ìpẹ̀.
Mọrẹ́nikẹ́ jẹ ẹ́ tán, ó lá àtàǹpàkò,
ó wo títì lọ, ó wo títì bọ̀.
“Ó dùn,” ó ní. “Ta ló dúró?”

Kò sẹ́ni tó dúró.
Ọkọ̀ ń kọjá, kò sí imú kan tó yà.
Ní Ìjàpọ̀, kí n tó yí ẹja àkọ́kọ́ padà,
èéfín mi á ti fo ọgbà ilé kẹta,
á ti bá òṣìṣẹ́ báńkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ táì lórí àga,
á ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó má wulẹ̀ dáná.
Èéfín ni pátákó mi.

A gba ọ̀dọ̀ Orímisàn lọ.
Ó fi ìdí tuntun sí àgbá, ó jó ìdérí kan,
ó dá ihò mẹ́ta sí i kí èéfín lè jáde kí aráàlú.
Ẹgbàá mẹ́rìnlá náírà, ó gbà á lẹ́ẹ̀mejì.
Ìdérí náà wọ́. Òkúta ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́.
Àpò èédú ń lo ọjọ́ márùn-ún báyìí, bí afẹ́fẹ́ bá gbà.

Ẹja mi ṣì ń jóná nírù.
Lọ́jọ́ Ẹtì, bí mo bá ń lọ ra ata,
mo ṣì ń sọ fún ọlọ́kadà pé kó rọra ní Alágbàká.
Wọ́n ti pa ṣọ́ọ̀kì rẹ́, wọ́n kọ ọ̀kẹ́ mẹ́rìnlélógún.
Mo rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jèrè.
Inú mi kò sì dùn tó bẹ́ẹ̀.