Ọ̀rọ̀ Tí Kò Lámì

Ní Òkè-Àfọ̀n tiwa, tí ọkọ̀ Àkúrẹ́ ń gbà kọjá sí Oǹdó
tí kì í dúró àfi bí táyà bá jò,
ẹjọ́ kan wà tí kò tíì tán
láti ọdún tí kòkó kọ́kọ́ gbówó lórí.

Wọ́n ní bàbá bàbá mi, Akíntímẹ́hìn ọdẹ,
gbé àgbá ẹ̀tù kan sábẹ́ àga ọba
kí iná lè ṣáájú Kábíyèsí jẹ iṣu tuntun.
Wọ́n mú un pẹ̀lú ẹni méjì,
okùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi so wọ́n dé kóòtù Àkúrẹ́.
Wọn ò padà wálé.

Mo lọ wo ìwé ẹjọ́ náà.
Ikán ti jẹ ilẹ̀kùn yàrá ọ̀hún dé ìdajì,
akọ̀wé tó ṣí i fún mi ń jẹ gúgúrú.
Lójú ewé kẹrìnlá, nínú yíǹkì tó ti pọ́n bí omi èèpo igi,
mo bá ẹnu bàbá bàbá mi:
"Emi ni mo gbe etu lo si aafin."
Kò sí àmì lórí rẹ̀.
Kò sí àmì nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ṣé ẹtu ni, ẹran igbó tí ọdẹ ń gbé itan rẹ̀ fọ́ba?
Ṣé ẹtù ni, aṣọ dúdú tí àgbà ń fi ń ṣàgbà?
Àbí ẹ̀tù, tí í sọ ilé di eérú?
Adájọ́ òyìnbó kò gbọ́ èdè.
Ògbufọ̀ ló bá a yan ọ̀kan nínú mẹ́ta:
ó yọ dò méjì láti inú àpò ara rẹ̀,
ó gbé wọn lé bàbá bàbá mi lórí.
Wọ́n wúwo ju àgbá lọ.

Inú ọkọ̀ ni mo ti ń bínú bọ̀, tí mo ti ń dájọ́.
Lógùnlékò, emẹsẹ̀ tó "rí" àgbá náà,
òun nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀.
Oṣù kò tíì lé tó fi ra oko kòkó létí Ọ̀wẹnà.
Àgbá tí wọ́n gbé dé kóòtù, òjò ti pa á,
kò lè jó ìyẹ́ eṣinṣin.
Ilẹ̀ àwọn ọdẹ ńkọ́? Ààfin ló gbà á.
Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ sin iṣu,
ṣé ó yẹ kó pariwo pé òun hú ìṣúra?

Mo délé, mo ka gbogbo rẹ̀ fún Ìyá Jọláadé,
ọmọ Akíntímẹ́hìn kan ṣoṣo tó kù láyé.
Ẹ̀gúsí ló ń bó.
Ó bó tó ogún ẹyọ kó tó lanu.
"Ẹtu kankan ò wọlé wa lálẹ́ ọjọ́ náà.
Bàbá fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi ni mo da omi rẹ̀ nù,
ó dúdú, ó ń rùn bí ẹyin tó ti dà."
Mo dákẹ́.
"Ṣùgbọ́n ọdẹ ni. Ọdẹ wo lọwọ́ rẹ̀ kì í rùn fún ẹ̀tù?"
Ó tún bó méjì, ó fẹ́ èèpo kúrò ní itan.
"Òun àti Lógùnlékò jọ jẹun kó tó jáde.
Àwo kan náà. Èmi ni mo gbé e."
Ta ló ránṣẹ́ pe ta?
"Ọmọ ọdún méje kì í béèrè."

Mo mú bírò, mo kọ ọ̀rọ̀ náà sórí bébà funfun,
mo fẹ́ fi àmì sí i.
Ó ṣì wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Etu.

Lọ́dọọdún, kí Kábíyèsí tó jókòó jẹ iṣu tuntun,
emẹsẹ̀ kan á fi ọ̀pá gún abẹ́ àga wò.
Ìlú á rẹ́rìn-ín.
Àwa ará ilé Akíntímẹ́hìn náà á rẹ́rìn-ín,
ṣùgbọ́n ojú wa kì í kúrò lára ọ̀pá yẹn
títí wọn ó fi fà á jáde.