Ṣíbí

Kọ́kọ́rọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi Ṣódẹindé ń gé ní Kútọ̀,
ọdún mọ́kàndínlógún lábẹ́ agbòòrùn kan náà.
Kò sí ilẹ̀kùn tó le tí kò bá a rẹ́.
Títí di ìrọ̀lẹ́ òjò yẹn ní Lafẹ́nwá,
tí ọ̀kadà yọ̀ lórí afárá,
tí orí rẹ̀ sì bá ọ̀dà pàdé.

Ọjọ́ mọ́kànlélógún ló fi sùn ní Ìdí-Àbà.
Nígbà tó lajú, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín,
ó pè mí ní Ìyá.
Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí a ti sin Ìyá wa ní Ìtokò.
Mo ní, "Èmi Mojọlá ni."
Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

Ọgbẹ́ ẹsẹ̀, aráyé a rí i, wọn a sún fún un níjòókòó.
Ti inú orí ńkọ́?
"Ara rẹ̀ mà ti yá! Ẹ wo bó ṣe sanra!"
Akọ̀wé ẹ̀yìn gíláàsì ní báńkì sọ pé
ìbuwọ́lùwé rẹ̀ kò bá ti àtijọ́ mu.
Mo ní, "Òun fúnra rẹ̀ gan-an kò bá ti àtijọ́ mu."
Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo padà lọ.
Mo gbé ìwé dókítà lọ, mo gbé àwòrán inú orí rẹ̀ lọ,
mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì náà kí ó wò ó dáadáa.
Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ni wọ́n tó sanwó.
Ilé-ẹ̀kọ́ òfin wo ni mo lọ? Aṣọ ni mo ń rán.

Ìyáàfin Táíbátù, tó ń kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ sísọ,
kì í kánjú. Ó ń to nǹkan sórí tábìlì:
ife, kóòmù, bàtà ọmọdé kan, ṣíbí, kọ́kọ́rọ́.
"Kí lèyí?"
Ẹ̀gbọ́n mi á lanu,
ọ̀rọ̀ á dé etí ètè, á sì yí padà
bí àlejò tó rí ajá lẹ́nu ọ̀nà.
Bí mo bá fẹ́ bá a sọ ọ́,
Ìyáàfin á gbé ìka sókè sí mi:
"Ẹ dúró dè é. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni, kì í ṣe tiyín."
Èyí le fún mi ju báńkì lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, àwa tí a ń tọ́jú èèyàn
máa ń jókòó lẹ́yìn ilé-ìwòsàn, lórí bẹ́ǹṣì kan tó ń mì.
Alàgbà Ṣówùnmí ní ìyàwó òun,
obìnrin tí kò jágbe mọ́ ọmọdé rí,
ń bú òun láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.
"Mo ń sunkún ẹni tó ṣì wà láàyè. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?"
Ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn.
Ẹnì kan fi eyín já omi ọ̀rá, ó nà án sí i.

Lálẹ́ àná, òjò ká wa mọ́ ẹnu ọ̀nà, iná ti lọ.
Mo tú báàgì mi títí, n kò rí i.
"Ṣíbí," ni Ṣódẹindé wí.
Mo ní kó ní sùúrù, a ò tíì fẹ́ jẹun.
"Ṣíbí, Ìyá. Ṣíbí!"
Ó ń na ìka sí àpò ẹ̀wù òtútù mi.
Ibẹ̀ ló wà.

Ó gbà á lọ́wọ́ mi,
ó fi àtàǹpàkò wọ́ eyín rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì,
bó ṣe máa ń ṣe ní Kútọ̀,
ó sì kì í bọ àgádágodo nínú òkùnkùn
láìwá ihò.

Omi ti kún bàtà wa.
A wọlé.