Ìlà Kẹrin

Pìánò Tíṣà Fádúgbà kò pé eyín:
ẹyọ méjì ti kán lápá òsì,
ọ̀kan sì ń dún bí ìgbà tí ewúrẹ́ bá sín.
Páànù ilé rẹ̀ ní Òkèṣà ń jò,
ṣùgbọ́n òjò kò kan pìánò náà rí;
aṣọ òfì ìyàwó rẹ̀ ló fi ń bò ó.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí. Ó ní, jókòó.
Ó ní ọkùnrin kan wà láyé àtijọ́, ará Nọ́wè,
kúkúrú bíńtín, ẹ̀dọ̀fóró kan ṣoṣo ló ń bá a ṣiṣẹ́,
tó kọ́ ahéré onígi sétí omi
kí ó lè gbọ́ ohun tí òkè ń sọ.
Mo ní, kí ni òkè ń sọ?
Ó ní, "Ìwọ ọmọ Ìjẹ̀ṣà, èmi lo ń bi?"

Ó fọwọ́ kan eyín funfun. Ilẹ̀ mọ́.
N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ:
agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni, oòrùn ń wọ̀,
ilẹ̀ sì mọ́ nínú yàrá yẹn,
ìrì sẹ̀ sórí ewé kòkó,
ẹnìkan ń gbálẹ̀ lójúde tí a kò rí.

Lẹ́yìn náà ó da ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ láti òkè,
ohùn ń já lórí ohùn
bí Olúmirìn ṣe ń já lórí àpáta ní Ẹ̀rìn,
tí omi á bomi lójú.
Ó tún ta èyí tí àwọn iwin ń yọ́ rìn,
kẹ́lẹ́, kẹ́lẹ́, kẹ́lẹ́,
ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹlẹ̀,
kí ó tó di eré, kí ó tó di ìjà,
kí àga tó yẹ̀ lábẹ́ Tíṣà.
Mo ti sá dé ẹnu ọ̀nà.
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Ìyá àgbà mi, Ọmọ́níkẹ̀ẹ́, ló wá mú mi lọ sí ulé.
Ó ti ń ti odò bọ̀, ibi tí wọ́n ti ń fọ iyanrìn wá wúrà,
igbá rẹ̀ ṣì ń kán omi.
Ó ti pẹ́ lójú fèrèsé. Kò kí ẹnikẹ́ni.
Ó ní, "Ta ló ni orin yẹn?"
Tíṣà dárúkọ òyìnbó náà.
"Ìyẹn ló kọ ọ́ sínú ìwé.
Ta ló kọ́kọ́ fi ẹnu kọ ọ́?"
Tíṣà ní, wọ́n ní ó gun òkè lọ lọ́jọ́ kan,
ó pàdé ọmọbìnrin kan láàárín màlúù
tó gbé ọmọ lọ́wọ́, tó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.
"Kí ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà?"
Tíṣà yí ìwé síwájú, ó yí i sẹ́yìn.
Ìwé kò sọ.

Ìyá àgbà sọ igbá kalẹ̀, ó kọ tirẹ̀.
Mo wá pẹ́ńsù. Ẹ̀yìn ìwé ará Nọ́wè ni mo kọ ọ́ sí:
ìlà kan. Ìlà méjì.
Ìlà kẹta, ohùn rẹ̀ wọnú lọ,
mo fi àmì ìbéèrè síbẹ̀.
Ó dákẹ́.
Mo ní, Ìyá, ó ku ìlà kan.
Ó ní, "Ìyẹn la fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún. O ò tíì bímọ."

Mo ti bí mẹ́ta báyìí.
Káfíńtà ló ra pìánò lẹ́yìn ikú Tíṣà,
ó fi pákó rẹ̀ kan kọ́bọ́ọ̀dù.
Bí rédíò bá ta orin òwúrọ̀ yẹn lálẹ́ Sátidé,
ilẹ̀ a máa mọ́ síbẹ̀,
èmi a sì máa retí ewúrẹ́ tó ń sín.
Kì í sín mọ́.

Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi. Lójú rẹ̀, orúkọ ọkùnrin náà, gàdàgbà.
Lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé ọmọdé:
*Ọmọ́níkẹ̀ẹ́, Òkèṣà.* Ìlà mẹ́ta.
Lábẹ́ wọn ni mo fa okùn márùn-ún sí lọ́jọ́ náà,
mo ń dúró.
Ẹyẹ kan kò tíì bà lé e.