Ẹsẹ̀ Arúgbó

Pátákó irin mẹ́rìndínlógójì ló wà lẹ́sẹ̀ kan,
bóòtù mẹ́rin-mẹ́rin ló de ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ṣéènì.
Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Èmi ti ṣe é lóru, mi ò sùn.

Katapílà tí àwọn onígẹdú pa tì
lẹ́yìn sọ́mìlì l'Ókè-Sópẹn, n'Ìjẹ̀bú-Igbó,
kí ìyá mi tó mọ bàbá mi:
adìẹ ń yé sábẹ́ ìjókòó rẹ̀,
ewé hù gba ihò èéfín rẹ̀ jáde.
Ọ̀gá Òsífẹ̀sọ̀ ní yóò rìn kí òjò tó dé.

Ó rán mi lọ sí Òde. Mo ra èyí tó ń dán.
Mo rí eyín ara mi lórí bóòtù bí ẹni wo dígí.
Mo nájà á, ọmọ Ìjẹ̀bú ṣáà ni mí,
mo gba wáṣà méjìlá lé e bí ènì,
mo ń súfèé bọ̀ nílé.

Ọ̀gá kò wo ojú mi.
Ó mú ọ̀kan, ó fi fáìlì hà á lẹ́ẹ̀kan péré,
fáìlì wọlé bí ọ̀bẹ tí ń wọ ẹ̀kọ tútù.
"Ó dẹ̀," ó ní.
"Èyí tó dẹ̀ kò lè dè.
Èyí tí kò lè dè kò ní í dé."

Agolo kẹrosíìnì ló fà jáde lábẹ́ bẹ́ǹṣì,
bóòtù àtijọ́ ló kún inú rẹ̀, dúdú bí ẹja gbígbẹ.
Ó ń gbá wọn mọ́ òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dẹtí:
èyí tó bá dún gan-an, ó yà á sọ́tùn-ún,
èyí tó bá dún kù bí ìkòkò tó sán,
ó jù ú sínú koríko.
Èyí gùn jù, yóò máa họ irin tó wà nísàlẹ̀.
Èyí kúrú, kò yọrí lẹ́yìn nọ́ọ̀tì.
Ọmọrí rẹ̀ ti yó, sípánà á yọ̀ lórí rẹ̀.
Gàrí tí mo rẹ ti wú kọjá ẹnu ife, mi ò ráàyè mu ún.

Ìka mẹ́rin ló fi ń ṣa wọ́n.
Ìkarùn-ún wà nínú ẹsẹ̀ yìí, ó ní,
láti ìgbà tí òun ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ dírẹ́bà rẹ̀.
Ó sọ ọ́ bí ẹni sọ ibi tó fi fìlà sí.

Nígbà tó kù ọ̀kan, níbi tí ṣéènì ti padé,
ó nawọ́ sí èyí tó ń dán, tèmi.
"Ọ̀gá, ṣebí ó dẹ̀?"
"Òkúta yóò há síbẹ̀ lọ́jọ́ kan.
Nǹkan kan á já dandan.
Ṣé kó jẹ́ ẹsẹ̀ ni, àbí bóòtù igba náírà?"

Ó wúkọ́, ó pòfóló, ó gbọn ewé ẹnu rẹ̀ nù.
Adìẹ fò. Kuburá onípákó ju aago sílẹ̀, ó sá.
Ó rìn. Ìwọ̀n ilé méjì ló rìn,
ilẹ̀ ń jìn lẹ́yìn rẹ̀ bí àkàrà tí a fọwọ́ tẹ̀,
kí nǹkan kan tó dún ṣáń.

Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo ń kà.
Mẹ́tàlélógóje.
Ọ̀gá ní kí n tún un kà.